Ọmọ mi mọ̀wé, kí ló dé tí máàkì SAT rẹ̀ kò kúrò lójú kan?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Amẹ́ríkà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì kọkànlá, "A" ló sì ń gbà nínú gbogbo iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ló ti ń múra sílẹ̀ fún SAT, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ń wò kí wọ́n tó gba ọmọ wọlé. Ìdánwò ìgbáradì àkọ́kọ́ tó ṣe, 1410 ló gbà: 690 nínú Kíkà àti Kíkọ, 720 nínú Ìṣirò. Èkejì, 1430. Ẹ̀kẹta, 1400. Ẹ̀kẹrin, 1420. Wákàtí méjì ló ń fi kàwé fún un lójoojúmọ́, ìwé ńlá méjì ló sì ti kà parí. Ó fẹ́ kọjá 1500. Ìbéèrè ìyá náà nìyí: "Ṣé kí n gba olùkọ́ lẹ́sìnnì fún un ni, àbí kí n ní kó fi kún wákàtí tó fi ń kàwé? Àbí ibi tí agbára rẹ̀ mọ náà nìyẹn?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ẹ béèrè kẹ́yìn, torí mo mọ̀ pé òun ló ń dùn yín jù. Rárá o, agbára rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Máàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ kọ ránṣẹ́ yìí, máàkì kan náà ni. Bí èsì SAT bá jáde, wọ́n máa ń kọ ààlà kan sí ẹ̀gbẹ́ máàkì, láti iye báyìí dé iye báyìí, nítorí àwọn tó ṣe ìdánwò náà mọ̀ pé bí ọmọ kan náà bá tún un ṣe lọ́la, kò dájú pé iye kan náà gẹ́lẹ́ ni yóò gbà. 1400 àti 1430, inú ààlà kan ni wọ́n wà. Ẹ̀yin yọ̀ nígbà tó gun 1430, inú yín sì bàjẹ́ nígbà tó bọ́ sí 1400, bẹ́ẹ̀ kò gun ibì kan, kò sì bọ́ síbì kan. Ohun tí nọ́ńbà mẹ́rin yìí ń sọ ni pé iṣẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe láti oṣù mẹ́rin kò kan ibi tó yẹ kó kàn. Ibi tó ń yún un kọ́ ló ń họ.

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ohun tó sọ ọmọ yín di ọmọ "A" nílé-ìwé, òun gan-an ló ń jẹ ẹ́ ní máàkì níbí. Nílé-ìwé, bí ìṣirò kan bá le, ọmọ tó mọ̀wé kì í fi sílẹ̀. Á jókòó tì í títí á fi já, wọ́n á sì yìn ín fún un. Nínú SAT, ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi jókòó ti ìbéèrè kan, ara àsìkò ìbéèrè méjì mìíràn tó mọ̀ dunjú ló ti yọ ọ́. Nílé-ìwé, olùkọ́ fẹ́ rí gbogbo ìgbésẹ̀ tó gbé kó tó dé ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ nínú SAT kò sẹ́ni tó ń wo ìgbésẹ̀ kankan. Nílé-ìwé, ọmọ tó bá ka ìtàn kan tó sì rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí níbẹ̀, òun ni olóye. Nínú SAT, ẹni tó bá rí ohun tí kò sí nínú àyọkà ti ṣìnà nìyẹn, bó ti wù kí ohun tó rí jinlẹ̀ tó.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ báyìí. Kí n má purọ́, àwọn tó wà láàárín 1350 sí 1450 ló ń fún mi ní wàhálà jù. Ọmọ tó bá gba 1000 mọ̀ pé ohun kan wà tí òun kò tíì kọ́, ẹ máa kọ́ ọ, á sì gòkè. Ọmọ tó gba 1420 á wo ìbéèrè tó kùnà, á ní, "Mo kúkú mọ̀ ọ́n." Òótọ́ ló sì ń sọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ìdánwò náà ṣe rí nísinsìnyí, torí ọ̀pọ̀ òbí ṣì rò pé orí bébà ló wà. Láti 2023 ni wọ́n ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, ó sì kan àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹta 2024. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni gbogbo rẹ̀. Apá méjì ló ní, Kíkà àti Kíkọ ló ń ṣáájú, Ìṣirò tẹ̀ lé e, wọ́n sì pín apá kọ̀ọ̀kan sí abala méjì. Abala kan nínú Kíkà àti Kíkọ jẹ́ ìbéèrè 27 ní ìṣẹ́jú 32. Abala kan nínú Ìṣirò jẹ́ ìbéèrè 22 ní ìṣẹ́jú 35. Láti 200 dé 800 ni máàkì apá kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí 1600 fi jẹ́ òpin rẹ̀.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí ìdánwò tí èmi àti ẹ̀yin mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ń wo ọmọ bó ṣe ń lọ. Bó bá ṣe dáadáa nínú abala kìíní, abala kejì tó le ni wọ́n á gbé síwájú rẹ̀. Bí kò bá ṣe dáadáa, èyí tó rọ̀ ni wọ́n á gbé fún un, èyí tó rọ̀ yìí sì ní òrùlé: bó gbà á tán pátápátá, kò lè dé òkè téńté. Nígbà tí abala kìíní bá sì ti pa dé, ó ti pa dé nìyẹn, kò sí pípadà sẹ́yìn. Ọmọ tó ń wá 1500 kò gbọdọ̀ sáré nínú abala kìíní. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé ló sì máa ń sáré níbẹ̀ jù: wọ́n á gba àwọn ìbéèrè tó rọ̀ kọjá bí ẹni tó ń fo kòtò, kí wọ́n lè rí àyè lò fún àwọn tó le lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń fi máàkì tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń lé èyí tó wà lórí igi.

Kí n má gbàgbé: nínú abala kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè méjì wà tí wọn kì í ka máàkì rẹ̀ rárá. Wọ́n ń dán ìbéèrè náà wò fún ọjọ́ iwájú ni, kò sì sí bí ọmọ ṣe lè mọ èwo ni. Bí ọmọ yín bá kan ìbéèrè kan tó rí bákan, tí orí rẹ̀ fẹ́ gbóná, kó rántí pé ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò sì sí ìyà fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà kò gbọdọ̀ fi àlàfo kankan sílẹ̀ láìmú nǹkan kan.

Nísinsìnyí, ẹ wò ó bí máàkì ṣe ń sọnù. Mo gbé ìbéèrè yìí fún ọmọkùnrin kan tó ti ń ṣe calculus, ìṣirò tó ga gan-an, nílé-ìwé: bí 3x + 7 = 19, kí ni iye 6x + 14? Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ti yọ 7 kúrò lára 19, ó ti fi 3 pín 12, ó ti rí 4. Ó wo àwọn ìdáhùn, 4 wà níbẹ̀ lóòótọ́, lókè pátápátá. Ó mú un. Mo ní kó tún ìbéèrè náà kà sókè fún mi. Ó kà á, ó dé 6x, ó dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ah, 38 ni." Bẹ́ẹ̀ ni, 38 ni: 6x + 14 jẹ́ ìlọ́po méjì 3x + 7, ìlọ́po méjì 19 ni 38, kò tilẹ̀ nílò kó wá x rárá. Àwọn tó kọ ìbéèrè yẹn mọ̀ pé ọmọ tó mọ ìṣirò ló máa sáré lọ wá x, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé 4 sílẹ̀ dè é.

Kí ni ọmọ náà kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé? "Àìfarabalẹ̀." Mo yí ojú-ìwé náà padà, mo rí "àìfarabalẹ̀" níbi mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Ó dà bí kí èèyàn lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ó sì sọ fún un pé, "Ara mi kò dá," kó wá dákẹ́. Kò sí oògùn fún àìfarabalẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ pé, "Mo wá x nígbà tí wọ́n béèrè 6x + 14," ìyẹn ní oògùn: kí ó tó mú ìdáhùn, kó padà fi ojú kan ohun tí wọ́n béèrè gan-an. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ yín ṣe nìyí o, òun sì ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Kó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Gbogbo ìbéèrè tó bá kùnà, kó kọ ọ́ síbẹ̀ ní gbólóhùn kan ohun tí ojú rẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe ohun tí ìdáhùn jẹ́ o, ohun tí òun ṣe ni. Ẹ jẹ́ n fi ohun tó wà nínú ìwé ọmọbìnrin kan hàn yín, ó fún mi láàyè:

"Ìbéèrè 9: radius ni wọ́n béèrè, diameter ni mo mú. Ìbéèrè 14: àmì òdì tó wà níwájú àkámọ́, èyí àkọ́kọ́ nìkan ni mo gbé e fún. Ìbéèrè 17: wọ́n kọ ọ́ sókè tábìlì pé iye tó wà níbẹ̀ jẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, n kò wo òkè. Ìbéèrè 20: mo mọ̀ ọ́n, àsìkò ti tán."

Ẹ wò ó. 9 àti 17, àrùn kan náà ni, kò ka ìbéèrè tán. 20 náà, nígbà tí a wò ó dáadáa, ìbéèrè 13 ló ti jẹ àsìkò rẹ̀, ó lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí rẹ̀ torí pé kò fẹ́ kó ṣẹ́gun òun. 14 nìkan ló jẹ́ ìṣirò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin náà ti kọ àṣìṣe bí ogójì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà wọ́n: mẹ́tàdínlógún jẹ́ àìka-ìbéèrè-tán. Láti ọjọ́ yẹn, n kò tún ní láti sọ fún un pé kó rọra. Ó ti rí i fúnra rẹ̀.

Ohun méjì ni ẹ máa fi kún un. Èkíní, kó máa kọ àwọn èyí tó gbà ṣùgbọ́n tó ṣiyèméjì lé lórí pẹ̀lú. Ohun tó ń lò fún ìdánwò náà ní àmì kan tí ọmọ lè tẹ̀ láti sàmì sí ìbéèrè tó fẹ́ padà sí. Kó tẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, nítorí àbá tó bọ́ sí i lónìí lè má bọ́ sí i lọ́jọ́ ìdánwò gan-an. Èkejì, lẹ́yìn ọjọ́ méje, kó tún àwọn ìbéèrè náà ṣe láìwo àlàyé kankan. Ọmọ tó bá ka àlàyé tán máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Kíka àlàyé àti ṣíṣe é kì í ṣe nǹkan kan náà.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Kíkà àti Kíkọ, níbi tó ti gba 690, torí ibẹ̀ ni mo rò pé máàkì tó yá jù wà. Àwọn àyọkà rẹ̀ kúrú, láti ọ̀rọ̀ 25 dé 150, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe ọmọ tó mọ̀wé níbẹ̀ kì í ṣe pé kò gbọ́ àyọkà. Ó gbọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní àyọkà kan sọ pé àwọn onímọ̀ kíyè sí i pé ẹyẹ kan máa ń tètè kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ ní ọdún tí òjò kò bá pọ̀. Kí ni a lè fà yọ níbẹ̀? Ìdáhùn kan á sọ pé ọ̀dá ń ṣe àwọn ẹyẹ ní jàǹbá. Ọmọ yín ti ka nǹkan nípa ọ̀dá, ó mọ̀ pé ọ̀dá kò dára fún ẹyẹ, á mú un. Ìdáhùn kejì á kàn sọ pé ó ṣeé ṣe kí iye òjò ní ọwọ́ nínú ìgbà tí ẹyẹ náà ń kọ́ ìtẹ́. Ó rọ̀, kò ní adùn kankan, ọmọ tó gbọ́n kì í fẹ́ mú un. Òun ni ìdáhùn. Èkíní lè jẹ́ òótọ́ nínú ayé, ṣùgbọ́n àyọkà kò sọ ọ́.

Oògùn rẹ̀: kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwọn ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ka àyọkà, kó dáhùn ìbéèrè ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀, kó tó ṣí ọwọ́. Bó bá gbọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ń ṣe èyí pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, ó sì ń ṣiṣẹ́, torí ohun tí èèyàn kò bá lè sọ lédè mìíràn, bóyá kò tíì yé e. Lẹ́yìn náà kó fi ìka sórí ọ̀rọ̀ tó ti rí ìdáhùn náà nínú àyọkà. Bí kò bá rí ibi tó máa fi ìka lé, kó fi ìdáhùn yẹn sílẹ̀.

Gírámà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí ìdá kan nínú mẹ́rin apá náà. Níbí yìí ni mo ti máa ń rí i pé ohun kan wà lóòótọ́ tí ọmọ tó mọ̀wé kò mọ̀. Etí ló fi ń ṣe é: èyí tó bá dún dáadáa ló ń mú. Etí sì ń tanni. Ẹ wo èyí: "The list of names ___ on the table." Ọ̀pọ̀ ọmọ á gbọ́ "names" tó sún mọ́ àlàfo, wọ́n á fi "are" síbẹ̀. "List" ni olùwà, ọ̀kan ṣoṣo ni, "is" ló tọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé torí pé ẹ ń sọ Yorùbá fún un nílé ni. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà, ọmọ wá, àwọn ọmọ wá, "wá" náà ni, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò gbọ́ èdè mìíràn rí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ náà ń ṣubú síbẹ̀. Kó fi kálàmù pa "of names" rẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, kó tún gbólóhùn náà kà, ó tán.

Àmì ìdánudúró ni èkejì. Gbólóhùn méjì tó pé, kọ́mà nìkan kò lè so wọ́n pọ̀. Bó bá mọ òfin yìí, tó mọ iṣẹ́ sẹmikólọ́nì àti ti kólọ́nì, tó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá fi kọ́mà ṣí àlàyé láàárín gbólóhùn, kọ́mà ni wọ́n á fi tì í, ó ti mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn òfin náà kò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó, bó bá kọ́ wọn bí òfin, tí kò fi etí ṣe é mọ́. Ní ti àwọn ìwé tó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ pé kí ọmọ há wọn sórí, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìṣirò ńkọ́? Ó ní ẹ̀rọ ìṣirò Desmos nínú ìdánwò náà, èyí tó ń ya gráàfù, wọ́n sì gbà kí ọmọ lò ó lórí gbogbo ìbéèrè. Àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò máa ń kọ̀ ọ́, wọ́n á ní òun wà fún ọ̀lẹ. Ẹ gbé èyí wò: ìlà y = 2x + c kan ọ̀nà tó tẹ̀, y = x² + 6x + 9, ní ojú kan ṣoṣo. Kí ni c? Ọmọ yín á so méjèèjì pọ̀, á rí x² + 4x + 9 − c = 0, á rántí pé bí ojú bá jẹ́ ẹyọ kan, 16 − 4(9 − c) gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, á wá rí i pé c jẹ́ 5. Ó dára púpọ̀, olùkọ́ rẹ̀ á fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá tẹ ìlà méjèèjì sínú Desmos, ohun tí a lè fà síwá sẹ́yìn á jáde fún c. Á fà á títí ìlà náà á fi kan ọ̀nà tó tẹ̀ náà ní ojú kan ṣoṣo, á rí 5. Kò sí àmì òdì tó lè sọnù níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà méjèèjì lè fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Ẹ̀wẹ̀, mo ti rí àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà wá ìlọ́po méjì 19. Ìyẹn náà kò dára. Kó dánra wò pẹ̀lú ogún ìbéèrè, kó máa sọ èyí tí yóò lo ọwọ́ fún àti èyí tí yóò lo ẹ̀rọ fún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò ìgbáradì wá kù, èyí sì ni ibi tí èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, òbí kan gbé ọmọbìnrin kan fún mi, ó ti wà ní òkè dáadáa. Mo fẹ́ kí òbí náà rí i pé mo ń ṣiṣẹ́. Ìdánwò mẹ́sàn-án ni mo fún ọmọ náà ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Máàkì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ni, mo sì ń fi kún un. Ní ìgbà tó yá, ọmọ náà kò fẹ́ rí kọ̀ǹpútà sójú mọ́, àwọn ìdánwò tó dára sì ti tán lọ́wọ́ wa, kò sí èyí tí a lè fi mọ ibi tó wà gan-an mọ́. Ìdánwò ìgbáradì kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan, òṣùwọ̀n ni. Ẹni tó bá ń gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́ kò ní í torí ìyẹn fọn.

Àwọn tó sún mọ́ ìdánwò gidi jù ni àwọn tí College Board, àwọn tó ni SAT, gbé sínú Bluebook, áàpù kan náà tí ọmọ á lò lọ́jọ́ ìdánwò. Wọn ò pọ̀. Ọmọ yín ti ṣe mẹ́rin. Bó bá jẹ́ láti ibẹ̀ ló ti mú wọn, ìyókù ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó. Kó jẹ́ àárọ̀ Sátidé, lórí láptọ́ọ̀pù tó máa gbé lọ, fóònù kúrò níbẹ̀, ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín apá méjèèjì kó má sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbé oúnjẹ lọ bá a. Ọjọ́ kejì, kó wá lo àsìkò tó ju ti ìdánwò náà lọ láti wo àṣìṣe rẹ̀. Láàárín ìdánwò kan sí èkejì, College Board ní Question Bank, níbi tí ó ti lè yan ìbéèrè gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ àti bó ṣe le tó, Khan Academy, ojú-òpó ẹ̀kọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà sì wà, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Àwọn ìwé ńlá méjì tó kà parí yẹn kì í ṣe òfò, wọ́n dára láti kọ́ òfin, ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bí ti ìdánwò gan-an.

Nítorí náà, rárá, ẹ má fi kún wákàtí rẹ̀. Ẹ dín in kù. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣìṣe rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó ju wákàtí méjì ojoojúmọ́ tó ń fi ṣe ohun tó ti mọ̀ lọ. Ẹ sì má jẹ́ kí "A" rẹ̀ nílé-ìwé jìn sí i. Ìwé èsì ọdún mẹ́rin ṣì wúwo ju òwúrọ̀ Sátidé kan lọ. Ẹ wo orúkọ àwọn yunifásítì tó fẹ́ pẹ̀lú. MIT ní 2022 sọ pé dandan ni kí ọmọ tún máa mú máàkì ìdánwò bíi SAT wá, Dartmouth, Brown àti Harvard kéde bákan náà ní 2024, ṣùgbọ́n University of California kì í wo SAT rárá láti fi gba ọmọ wọlé. Bó bá jẹ́ irú ibẹ̀ nìkan ló ń lọ, wàhálà yìí ti pọ̀ jù.

Ní ti olùkọ́ lẹ́sìnnì, owó yín ni, n kò ní í sọ pé kí ẹ má ná an. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó san nǹkan: kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe? Bó bá ní òun máa kọ́kọ́ wo ìdánwò mẹ́rin tó ti ṣe, ìbéèrè kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ gbà á. Bó bá ní òun ní ìwé tí òun ń tẹ̀ lé pẹ̀lú gbogbo ọmọ, tàbí tó bá fi iye máàkì kan ṣe ìlérí fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ọmọ tó gba 1420 lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Ohun tó nílò lọ́dọ̀ yín ni pé nígbà tó bá jáde nínú yàrá, kí ẹ má béèrè pé "Èló lo gbà?" Ẹ béèrè pé, "Irú àṣìṣe wo lo rí lónìí?"

Ẹ jẹ́ kó ṣe ti gidi ní oṣù kẹta tàbí oṣù karùn-ún, kó lè tún un ṣe ní oṣù kẹjọ bó bá fẹ́, kí ìwé ìbéèrè fún ìwọlé yunifásítì tó gba gbogbo àsìkò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń mú máàkì tó dára jù nínú apá kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbà wọ́n, nítorí náà bí Ìṣirò bá lọ sókè ní ìgbà àkọ́kọ́, ó lè gbájú mọ́ Kíkà àti Kíkọ ní ìgbà kejì. Ìgbà mẹ́ta ni mo máa ń dúró sí. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó má ka nǹkan kan. Kó gba iná sí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kó kún, kó rí i pé Bluebook ti gbé ìwé ìwọlé rẹ̀ jáde, kó gbé káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sínú báàgì, kó sùn.

Kó má tíì ṣe ìdánwò tuntun kankan o. Kó padà sídìí 1420 tó ṣe kẹ́yìn, kó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ náà, kó kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún gbogbo èyí tó kùnà. Kó tó kọ ọ̀rọ̀ "àìfarabalẹ̀" sílẹ̀, kó tún ìbéèrè náà kà sókè. Tó bá parí, ẹ fi ojú-ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, ká jọ kà á.